Ọ̀rọ̀ Burúkú Tòun Tẹ̀rín: Ìtàn tí ó farasin sínú sinimá Devil in a Blue Dress

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Wọn kò sọ pé ẹ̀rín náà mú ọ̀rọ̀ burúkú kúrò. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé nígbà mìíràn àwọn méjèèjì a máa jókòó sórí ẹní kan náà, tí àlejò kò sì ní mọ èyí tí òun ì bá kọ́kọ́ kí. Ní ọdún 1995, àwọn ará Amẹ́ríkà gbé sinimá kan jáde tí ó bá òwe yìí mu rẹ́gí. Orúkọ rẹ̀ ni Devil in a Blue Dress. Carl Franklin ni ó darí rẹ̀, inú ìwé tí Walter Mosley kọ ní ọdún 1990 ni ó sì ti mú ìtàn náà. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni: obìnrin kan sọnù, a ń wá a, òkú sì bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lọ́tùn-ún lósì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo ti wò ó ní àwòtúnwò, mo rí i pé ìwádìí tí ó tóbi jù nínú rẹ̀ kì í ṣe ti obìnrin tí ó sọnù. Ìwádìí nípa ilé ni. Ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé, ta ni kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ta sì ni ó fi ọwọ́ sí ìwé tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀? Èyí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rò pé inú ìwé nìkan ni ìtàn ń gbé.

Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ìdílé tí sinimá yìí ti jáde wá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1940 títí dé òpin ọdún 1950 sí i, àwọn ará Hollywood ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ eré nípa ìwà ọ̀daràn. Òru ìlú ńlá ni ó sábà máa ń jẹ́. Ọkùnrin kan dé fìlà mọ́jú, ó ń tọ ipasẹ̀ apànìyàn, obìnrin arẹwà kan tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé sì wà nítòsí. Ní ọdún 1946, Nino Frank, ẹni tí ń kọ̀wé nípa sinimá ní ilẹ̀ Faransé, fi ọ̀rọ̀ kan pe irú eré yìí: noir, èyíinì ni dúdú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà. Eré ni a pè ní dúdú. Ṣùgbọ́n ènìyàn dúdú tí ó wà nínú wọn kò sábà ju ẹni tí ń gbé ẹrù, ẹni tí ń nu bàtà, tàbí ẹni tí ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀gá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ kan wá bí àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1944 ni Double Indemnity jáde, ọ̀kan nínú àwọn tí ó lókìkí jù. Ọkùnrin òyìnbó kan ní Los Angeles fẹ́ pa ọkọ obìnrin kan. Kí ó tó jáde lọ ṣe iṣẹ́ ibi náà, ó dá ọgbọ́n: ó bá ọkùnrin dúdú tí ń fọ ọkọ̀ ní ilé ìgbọ́kọ̀sí sọ̀rọ̀, kí ẹni náà lè jẹ́rìí lọ́jọ́ iwájú pé ọkọ̀ òun kò kúrò nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọkùnrin dúdú yìí fi hàn, tí ó sì tún wọlé lọ. Sam McDaniel ni ó ṣe é, wọn kò sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn òṣèré yòókù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ McDaniel yìí, nítorí a óò tún pàdé ìdílé rẹ̀ níwájú.

Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, Carl Franklin yí ojú ẹ̀rọ padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń fọ ọkọ̀. Nínú sinimá tirẹ̀, Los Angeles náà ni, òru náà ni, obìnrin arẹwà náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn dúdú ni ó ń ṣe ìwádìí. Orúkọ rẹ̀ ni Ezekiel Rawlins, Easy ni wọ́n ń pè é, Denzel Washington ni ó sì ṣe é. Easy túmọ̀ sí ohun tí kò ṣòro. Orúkọ náà sì fẹ́ẹ̀ jẹ́ yẹ̀yẹ́, nítorí kò sí ohun kan tí ó rọrùn fún ẹni tí ń jẹ́ ẹ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1948 ni. Easy ti ja ogun àgbáyé kejì, ó ti padà dé, ó sì ti ra ilé kékeré kan tí ó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ òfurufú. Bí kò bá rí owó oṣù yẹn san, ilé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Albright bá a nínú ilé ọtí, ó sì fi dọ́là lọ̀ ọ́ pé kí ó bá òun wá ọmọbìnrin òyìnbó kan, Daphne Monet, tí ó fẹ́ràn láti máa bá àwọn ènìyàn dúdú ṣe fàájì. Easy mọ̀ pé ọ̀ràn náà kò mọ́. Ó gbà á nítorí ilé.

Kí ni ó mú kí ilé kékeré ṣe iyebíye tó bẹ́ẹ̀? Láti dáhùn, a ní láti jáde kúrò nínú sinimá fún ìgbà díẹ̀, kí a wo bí àwọn ènìyàn bí Easy ṣe dé Los Angeles.

Houston ní Texas ni Easy ti wá, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbàágbèje ènìyàn dúdú ṣe ń bọ̀ láti Texas àti Louisiana lákòókò ogun. Kí ogun tó dé, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kì í fẹ́ gba ènìyàn dúdú sí iṣẹ́ gidi. Ní ọdún 1941, A. Philip Randolph, olórí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú irin, halẹ̀ mọ́ ìjọba pé òun yóò kó àwọn ènìyàn òun wọ́ lọ sí Washington. Ààrẹ Roosevelt fi ọwọ́ sí àṣẹ kan ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún náà pé kí ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ohun ìjà fún ìjọba má ṣe fi àwọ̀ ara yan òṣìṣẹ́. Bí ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀, èrò ya wọ̀lú. Ní ọdún 1940, àwọn ènìyàn dúdú Los Angeles jẹ́ bíi 64,000. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1950, wọ́n ti lé ní 170,000.

Iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n ibo ni kí wọ́n sùn? Àwọn kan wọ àdúgbò tí a ń pè ní Little Tokyo, tí orúkọ rẹ̀ yí padà di Bronzeville. Àwọn ọmọ Jàpáànì ni wọ́n ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìjọba kó wọn lọ sí àgọ́ ìhámọ́ ní ọdún 1942, pẹ̀lú àwọn tí a bí sí Amẹ́ríkà nínú wọn. Ilé tí ìwà ìkà sọ di òfìfo ni ẹni tí a ń ṣe ìkà sí bọ́ sí. Àwọn yòókù fún ara wọn mọ́ agbègbè Central Avenue, níbi tí hótẹ́ẹ̀lì Dunbar wà, tí orin jazz sì ń dún títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Sinimá yìí fi òpópónà náà hàn wá pẹ̀lú ìfẹ́: aṣọ títàn, ọkọ̀ títàn, ìlù, àti ẹ̀rín. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀ràn yóò rò pé wọ́n kàn fẹ́ràn ara wọn ni wọ́n ṣe sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí ọ̀ràn wà nínú ìwé. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Los Angeles, a kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ pé ẹni tí ó bá ra ilé yìí kò gbọdọ̀ tà á fún ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé inú rẹ̀, àfi bí ó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá ti í lẹ́yìn: àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1934 láti ṣe onígbọ̀wọ́ fún owó tí àwọn ènìyàn ń yá kọ́lé ń gbà wọ́n nímọ̀ràn kí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wà. Ènìyàn dúdú lè wọ ilé náà láti gbálẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè wọ̀ ọ́ láti sùn. Bí èyí kò bá jẹ́ ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, èmi kò mọ ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Níbí ni a ti tún pàdé ìdílé McDaniel. Sam tí ó fọ ọkọ̀ nínú sinimá ọdún 1944 ní àbúrò obìnrin kan, Hattie McDaniel. Hattie ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Oscar, ní ọdún 1940, fún ipa ìránṣẹ́bìnrin tí ó kó nínú Gone with the Wind. Ní hótẹ́ẹ̀lì Ambassador tí wọ́n ti fún un ní ẹ̀bùn náà, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ sí, lọ́tọ̀ sí ti àwọn tí wọ́n jọ ṣeré. Ó fi owó iṣẹ́ rẹ̀ ra ilé ńlá ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Sugar Hill. Àwọn aládùúgbò òyìnbó kan pe òun àti àwọn ènìyàn dúdú yòókù tí ń gbé ibẹ̀ lẹ́jọ́, pé ìwé ilẹ̀ kò gbà wọ́n láàyè. Loren Miller, agbẹjọ́rò dúdú, gbèjà wọn, ó sì borí ní oṣù kejìlá ọdún 1945. Obìnrin tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún nítorí pé ó ṣe ìránṣẹ́ nínú ilé oní-ilé ní láti lọ sí kóòtù kí ó tó lè jẹ́ ìyá ilé nínú ilé ara rẹ̀.

Loren Miller yìí kan náà wà lára àwọn agbẹjọ́rò tí wọ́n gbé irú ọ̀ràn náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1948, ilé ẹjọ́ náà dá a nínú ẹjọ́ Shelley àti Kraemer pé kóòtù kankan kò gbọdọ̀ fi agbára mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ mọ́. Adájọ́ mẹ́sàn-án ni ó wà níbẹ̀; mẹ́fà péré ni ó jókòó sí ẹjọ́ náà. Àwọn mẹ́ta yòókù yẹra, wọn kò sọ ìdí rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà ni pé irú àdéhùn yẹn wà nínú ìwé ilé tiwọn.

Ẹ wo ìgbà tí Walter Mosley fi ìtàn rẹ̀ sí. Nínú oṣù karùn-ún ọdún 1948, ilé ẹjọ́ sọ̀rọ̀ lórí ilé. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún náà, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti California fagi lé òfin tí kò jẹ́ kí aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú fẹ́ ara wọn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí Easy ń wá Daphne kiri bọ́ sí àárín àwọn ọjọ́ méjèèjì. Òfin kan ti kú ṣùgbọ́n a kò tíì sin ín. Èkejì wà láàyè. N kò ní tú gbogbo àṣírí sinimá náà fún ẹni tí kò tíì wò ó, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò ṣeé fi pamọ́ bí a bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú wà lára Daphne tí gbogbo ayé ń pè ní òyìnbó. Ọkùnrin olówó tí ó fẹ́ràn rẹ̀ kò lè fẹ́ ẹ. Nítorí èyí ni ó ṣe sá, nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń lépa rẹ̀, nítorí èyí náà sì ni àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ṣe kú. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú sinimá náà, láti inú ìlà tí a fi ìwé fà ni ó ti ṣàn wá.

Easy ní láti la ìlà náà kọjá léraléra. Ní etíkun, ọmọbìnrin òyìnbó kan bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, àwọn ọ̀dọ́kùnrin òyìnbó sì yí i ká kí wọ́n lù ú. Albright yọ ìbọn sí wọn, ó sì fi ojú ọ̀kan nínú wọn gbolẹ̀. Inú wa dùn ní ìṣẹ́jú kan. Ní ìṣẹ́jú kejì, ara wa bù máṣọ, nítorí a rí irú ẹni tí Easy ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá mú un, wọ́n lù ú, wọ́n sì tú u sílẹ̀ sínú òru. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ òyìnbó inú sinimá àtijọ́ a máa wọ ibi tí ó bá wù wọ́n, wọn a sì bi ẹni tí ó bá wù wọ́n ní ìbéèrè. Ti Easy kò rí bẹ́ẹ̀: bí ó ti ń wá apànìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣọ́ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé.

Ibo ni ẹ̀rín wà nígbà náà? Ó wà káàkiri. Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò Easy tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa gé igi. Ó ń ti ọgbà kan bọ́ sí òmíràn, ó ń wá igi ẹni ẹlẹ́ni tí yóò gé lulẹ̀, àwọn onílé sì ń lé e bí ẹni lé ewúrẹ́. Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé ẹni tí ó ti jìyà kí ó tó ní ilé yóò ṣọ́ ilé náà títí kan igi ọgbà rẹ̀.

Olórí ẹ̀rín náà ni Mouse, ọ̀rẹ́ Easy láti Houston, tí Don Cheadle ṣe. Mouse túmọ̀ sí èkúté. Kúkúrú ni, ó wọ aṣọ oge, eyín wúrà ń tàn lẹ́nu rẹ̀, ìbọn kì í sì í jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀. Èkúté tí ń pa ológbò ni. Ní ìgbà kan, Easy fi ẹnì kan tí wọ́n ti dè sílẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ pé kí ó máa ṣọ́ ọ. Nígbà tí Easy yóò fi padà dé, ẹni náà ti kú. Easy kígbe, ẹnu ya Mouse, ó sì bínú díẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ó bá fi ènìyàn ti òun ti mọ ohun tí òun yóò fi í ṣe. A rẹ́rìn-ín kí a tó mọ̀ pé òkú ni a ń rẹ́rìn-ín sí. Ẹni tí ó ti ka Àjà Ló Lẹrù, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjì kọ ní ọdún 1969, mọ bí òǹkọ̀wé ṣe lè pa wá lẹ́rìn-ín níbi tí ọ̀ràn ti le jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti Mouse ní oró tirẹ̀. Easy nílò rẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá tí Easy lè ké sí, kò sí kóòtù tí yóò tètè gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni apànìyàn tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí òfin kọ̀ láti ṣọ́ ènìyàn, irú ẹ̀ṣọ́ tí yóò kù fún un nìyẹn.

Nítorí pé èdè ni mo ń kọ́, n kò lè dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Nínú ìwé Mosley, Easy mọ gẹ̀ẹ́sì inú ìwé sọ dáradára, ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ pé nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tọ́ òun dàgbà ni èrò òun ti ń jáde bí ó ti rí. Nínú sinimá náà, ẹ tẹ́tí sí i: bí ó bá wà níwájú ọlọ́pàá tàbí olówó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a kúrú, a sì mọ́ ní àmọ́jù; bí ó bá wà lọ́dọ̀ Mouse, ahọ́n rẹ̀ a tú. Ìlà tí ó wà nínú ìwé ilẹ̀ wà nínú ẹnu pẹ̀lú. Àwa tí a ń sọ èdè kan níwájú olùkọ́, tí a sì ń sọ òmíràn nílé, kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi ẹnikẹ́ni ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Sinimá tí ó dára tó báyìí kò pa owó púpọ̀. Ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1995 ni ó jáde; ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni a dá ẹjọ́ O. J. Simpson ní Los Angeles kan náà, ojú gbogbo Amẹ́ríkà sì wà lára ọ̀ràn ènìyàn dúdú, ọlọ́pàá àti ikú obìnrin òyìnbó. Bóyá ọ̀rọ̀ náà ti tó wọn. Àwọn tí ń kọ̀wé nípa sinimá ní Los Angeles fún Don Cheadle ní ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n àwọn olóscar kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ìwé Mosley lórí Easy pọ̀, síbẹ̀ Franklin àti Washington kò tún ṣe èkejì. Ó tó bí ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kí ilé iṣẹ́ Criterion tó tún un gbé jáde ní ọdún 2022, tí àwọn tuntun fi ń rí i.

Ẹnikẹ́ni lè wí pé: ṣebí ọ̀ràn náà ti parí ní ọdún 1948, kí ni a tún ń wá nínú rẹ̀? Kò parí. Ní ọdún 1963, ìjọba California ṣe òfin tí ó ka fífi àwọ̀ ara du ènìyàn ní ilé sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1964, àwọn ará ìlú fúnra wọn dìbò, ìbò tí ó fẹ́ẹ̀ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta sì fagi lé òfin náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1965, agbègbè Watts gbiná. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó fi jó, ènìyàn 34 sì kú. Ọdún 1967 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó sọ pé ìbò náà kò tọ̀nà. Sugar Hill tí Hattie McDaniel fi ẹjọ́ gbà ńkọ́? Ìjọba la ọ̀nà ọkọ̀ ńlá gba àárín rẹ̀ kọjá. Ohun tí ìwé ilẹ̀ kò rí gbà, katakata gbà á.

Ní òpin sinimá náà, Easy jókòó sí iwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú Odell, àgbàlagbà ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó bi í bóyá ó tọ́ kí ènìyàn mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ń ṣe ibi kí òun sì máa bá a ṣọ̀rẹ́. Èsì Odell kò gùn: ọ̀rẹ́ ni ohun tí ènìyàn ní. Ní òpópónà, àwọn ọmọdé ń ṣeré, àwọn ọkùnrin ń rin koríko wọn lómi, ẹni tí ń gé igi kò sì tíì jáwọ́. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, a sì rí ẹni tí ó sinmi. Ẹ̀rù ń ba ẹni tí ó bá mọ ìtàn bí ó ti ń wò ó, nítorí ó mọ ohun tí ń bọ̀ wá bá òpópónà náà. Síbẹ̀ kò lè sọ pé ìsinmi yẹn kì í ṣe òtítọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wá sinimá yìí wò. Bí ẹ bá sì padà wo àwọn sinimá àtijọ́ tí wọ́n bí i, ẹ má ṣe wo ọ̀gá tí ó dé fìlà nìkan. Ẹ wo ẹni tí ń fọ ọkọ̀ ní ilé ìgbọ́kọ̀sí, kí ẹ sì bi í pé níbo ni ó ń lọ sùn lálẹ́ yìí, àti pé ta ni ó ni ilé náà. Ìbéèrè kékeré bẹ́ẹ̀ ni ìtàn fi ń bẹ̀rẹ̀.